Ìbọn Ìdíje: Ibi Tó Yẹ Kí Owó Lọ

Láàárín àwọn tó ń fi ìbọn díje ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, ṣọ́tìgọ́ọ̀nù tó ń kì ara rẹ̀ ni ìbọn tí àríyànjiyàn pọ̀ lé lórí jù. Ìbọn ọlọ́ta wẹ́wẹ́ ni. Bí ènìyàn bá fa apátí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò dún, ṣùgbọ́n ìbọn náà fúnra rẹ̀ ni yóò ta èèpo katiríìjì tó ti ṣófo nù, tí yóò sì ti òmíràn sí ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí àtẹ, ọlọ́dẹ ẹyẹ ni wọ́n ṣe é fún: katiríìjì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló ń gbà, ẹnu rẹ̀ gùn, ìdí rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n fojú bù pé yóò bá èjìká ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí pápá ìdíje ní láti tún un ṣe. Àtúnṣe wo ni? Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń pọ̀, nítorí ọjà ẹ̀yà ìbọn ti gbòòrò débi pé ènìyàn lè ná iye tó fi ra ìbọn lẹ́ẹ̀kejì sí ara rẹ̀, kí ó má sì yá ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé owó àkọ́kọ́ jẹ́ ti èjìká àti ojú ẹni tó ń yìn ín, owó kejì jẹ́ ti ibi tí a ń gbà ki ọta sínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tó kù lè dúró.

Ìbọn yìí kì í ṣe ohun tuntun. John Moses Browning, ará ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ló gba ìwé àṣẹ ẹ̀tọ́ lórí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó yege ní ọdún 1900. Òun àti ilé iṣẹ́ Winchester tó ti ń ta iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò jọ fẹnu kò lórí owó, ló bá gbé e kọjá òkun lọ sọ́dọ̀ FN ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ọdún 1902 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é níbẹ̀. Auto-5 ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ lórí rẹ̀ kò sì dáwọ́ dúró pátápátá títí di ọdún 1998. Nínú ìbọn yẹn, bí ọta bá ti jáde, ẹnu ìbọn àti irin tó dè é lẹ́yìn, tí a ń pè ní bóòtì, yóò jọ sún sẹ́yìn pọ̀ kí wọ́n tó pínyà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n a máa gbá èjìká gidi. Àwọn ọ̀nà méjì tó gbapò rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ àwọn olùdíje lónìí, ẹni tí kò bá sì mọ ìyàtọ̀ wọn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìbọn tó dára jẹ́.

Ọ̀nà kìíní ni ti gáàsì. Wọ́n lu ihò kékeré sí abẹ́ ẹnu ìbọn. Bí ẹ̀tù bá ti jó, díẹ̀ nínú gáàsì rẹ̀ yóò gba ihò yẹn bọ́ sílẹ̀, yóò ti písítìn kan sẹ́yìn, písítìn yóò sì ṣí bóòtì. Remington 1100 tó jáde ní ọdún 1963 ló sọ ọ̀nà yìí di ààyò àwọn tó ń yìnbọn lu àwo amọ̀, nítorí gáàsì tó gba ìsàlẹ̀ lọ yẹn àti irin tó ń rìn nínú ìbọn máa ń fa ìgbúnni náà gùn, tí kò fi ní dun èjìká bí ẹni pé wọ́n fi igi gún un. Ẹni tó ń yin katiríìjì igba lóòjọ́ mọ iye tí ìyẹn tó. Ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ni ìmọ́tótó. Èéfín ẹ̀tù a máa di èédú sí ara písítìn, nínú Remington 1100 sì ni òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí gáàsì mọ́ ibi tó yẹ kó wà. Bí òrùka yẹn bá já, ìbọn yóò dún lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dákẹ́, títí ènìyàn yóò fi ọwọ́ fa bóòtì. Àwọn àgbà nínú eré náà a máa fi méjì tàbí mẹ́ta pamọ́ sínú àpò. Kò sí àtúnṣe tó rọjú ju èyí lọ.

Ọ̀nà kejì ni ti Benelli, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Urbino ní Ítálì lọ́dún 1967. Ọmọ Ítálì kan tí ń jẹ́ Bruno Civolani ló ronú rẹ̀. Kò sí ihò gáàsì, kò sí písítìn. Bóòtì ni wọ́n pín sí méjì, wọ́n sì fi síríńgì kúkúrú kan tó le sáàárín wọn. Bí ìbọn bá dún, gbogbo ara ìbọn ni yóò ta sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ara bóòtì tó wúwo yóò fẹ́ dúró síbi tó wà, síríńgì àárín yóò fún pọ̀. Ìgbà tí síríńgì bá wá na ara rẹ̀ padà ni bóòtì yóò ṣí, tí èèpo yóò sì fò jáde. Inú rẹ̀ a máa mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ìbọn náà sì fúyẹ́. Benelli M2 tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn olùdíje kò ju kílò mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Ìbọn tí ìtasẹ́yìn ń bá ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ rí àyè ta sẹ́yìn. Bí o bá so túùbù katiríìjì gígùn mọ́ ọn lábẹ́, tí o kì í kún fọ́fọ́, tí o tún kan ohun tó ń gbé katiríìjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, o ti sọ ọ́ di wúwo, kò sì ní í ta sẹ́yìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí o bá wá fi katiríìjì fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé òjé gíráàmù 24 sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ lè má tó láti ṣí bóòtì dópin. Ìbọn yóò há. Ènìyàn yóò sì máa bú ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ẹrù tí òun fọwọ́ ara rẹ̀ gbé lé e lórí ló dá a dúró. Ẹ̀kejì rẹ̀ ni pé bí ènìyàn bá rọra fọwọ́ ti bóòtì rẹ̀ pa dípò kí ó jẹ́ kí síríńgì gbá a wọlé, orí bóòtì lè má yí dé ibi tó yẹ kó dè sí. Yóò fa apátí, yóò gbọ́ “kẹ́”, kò ní í dún. Àwọn tó ń lo Benelli mọ ìró yẹn bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Kí ènìyàn tó ra ẹ̀yà kankan nítorí rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ kọ́ láti jẹ́ kí bóòtì gbá wọlé fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá bi mí èwo ló sàn, èmi yóò ní kí ó wo katiríìjì tí apá rẹ̀ ká. Ẹni tí yóò máa ra èyí tó rọjú, tó sì fẹ́ẹ́rẹ́, kí ó gba ti gáàsì, bíi Beretta 1301 tàbí Mossberg 940 JM Pro tó jáde ní ọdún 2020, tí wọ́n fi orúkọ Jerry Miculek, ògbóǹtarìgì ayìnbọn Amẹ́ríkà, sọ. Ẹni tó bá lè ra èyí tó lágbára díẹ̀, tí kò sì fẹ́ràn àtimáa tú ìbọn palẹ̀, kí ó gba ti Benelli, tàbí Stoeger M3000 tí wọ́n ń ṣe ní Tọ́kì, tó ń lo ọgbọ́n kan náà ní owó pọ́ọ́kú.

Ó wá ku ibi tí ìdíje ti ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Nínú ìdíje tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 3-Gun, àti èyí tí ẹgbẹ́ IPSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Columbia ní ìpínlẹ̀ Missouri lọ́dún 1976, ń ṣe káàkiri ayé, olùdíje kì í dúró lójú kan. Aago yóò dún, yóò máa sáré láti ibì kan sí ibòmíràn, yóò máa yìnbọn lu àwo irin, àwo amọ̀ tó ń fò àti bébà, àsìkò tó bá lò sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣírò ipò rẹ̀. Ìpele tó gùn jù nínú ìdíje ṣọ́tìgọ́ọ̀nù IPSC lè gba ọta 28. Bí ìbọn bá gba mẹ́wàá, méjìdínlógún ló kù tí olùdíje yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kì bó ṣe ń sáré. Ẹni tó ń kì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti pàdánù kí ó tó bẹ̀rẹ̀, bí ojú rẹ̀ tilẹ̀ mú tó ti àṣá.

Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n kì. Katiríìjì wà ní àyà rẹ̀ tàbí ní ìgbànú rẹ̀ nínú ike tó tò wọ́n ní méjì méjì, ọ̀kan lórí èkejì. Ọwọ́ òsì yóò kó mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ ọ̀tún yóò ti dojú ìbọn dé, kí ikùn rẹ̀ lè kọjú sókè, ìdí rẹ̀ yóò sì wà ní èjìká tàbí lábẹ́ abíyá. Àtàǹpàkò yóò ti méjì àkọ́kọ́ wọlé tẹ̀lé ara wọn, yóò padà sẹ́yìn díẹ̀, yóò ti méjì tó kù. Mẹ́rin ti wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá méjì, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ kò dúró ní gbogbo ìgbà yìí. Ojú ń wo ibi tó kàn.

Ìbọn tó ti orí àtẹ wá kò fẹ́ kí ọwọ́ ṣe báyìí. Ẹnu ibi ìkìta rẹ̀ há, etí rẹ̀ mú. Irin tó ń gbé ọta sókè, tí mo ń pè ní agbéta, kúrú tàbí kí ó ní àlàfo níwájú, bí àtàǹpàkò bá sì wọlé jìn, agbéta yóò bọ́ padà, yóò bu èékánná jẹ. Ọ̀pọ̀ olùdíje ló ní àpá yẹn. Iṣẹ́ tí alágbẹ̀dẹ ìbọn ń ṣe síbẹ̀ ni pé yóò gé ẹnu ìkìta gbòòrò, yóò fá etí rẹ̀ kí ó dán kí ó sì tẹ́, yóò sì fi agbéta tó gùn tí kò ní àlàfo rọ́pò tàbí kí ó jó irin dí àlàfo náà. Iṣẹ́ yìí ni mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń díje ní IPSC tàbí 3-Gun kọ́kọ́ sanwó fún lára irin ìbọn. Kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé fi fáìlì ṣe, torí ibi tí wọ́n bá fá jù kò ṣeé dá padà, ara tí bóòtì ń gbà kọjá sì wà nítòsí ibẹ̀. Túùbù gígùn ló tẹ̀lé e, èyí tó máa ń jẹ́ kí ìbọn gba mẹ́sàn-án sí méjìlá. Kí ó má gùn kọjá ẹnu ìbọn, kí síríńgì tó wà nínú rẹ̀ sì jẹ́ tuntun, nítorí síríńgì tó ti rẹ̀ kì í ti ọta tó kẹ́yìn jáde. Kí ènìyàn tún ka òfin ìpín tó fẹ́ díje nínú rẹ̀ kí ó tó rà á, torí iye ọta tí ìpín kan gbà kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ti òmíràn. Mùkù bóòtì tó tóbi, tí ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ lè rí dì mú, kò wọ́n, ó sì wúlò. Bọ́tìnnì tó ń tú bóòtì sílẹ̀ tó gbòòrò náà rí bẹ́ẹ̀.

Mo ní owó àkọ́kọ́ jẹ́ ti èjìká àti ojú, ọ̀pọ̀ sì ni kì í gbà á gbọ́ nítorí pé àtúnṣe yìí kì í hàn lójú àwòrán. Ṣọ́tìgọ́ọ̀nù kò ní ohun ìfojúsùn lẹ́yìn bíi ti ráífù. Ojú ẹni tó ń yìn ín gan-an ni ohun ìfojúsùn ẹ̀yìn. Bí ìdí ìbọn bá ga jù, ojú yóò ga, ọta yóò sì lọ sókè. Bó bá rẹlẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò máa wá a, kò ní í rí i. Bó bá gùn jù fún apá, yóò há sí aṣọ lábẹ́ abíyá nígbà tí ènìyàn bá gbé e sókè kíákíá. Benelli àti Beretta máa ń fi àwọn pẹlẹbẹ ike kéékèèké sínú àpótí ìbọn tuntun tí a lè fi sáàárín ìdí àti ara ìbọn láti gbé e sókè, sílẹ̀, sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò kúrò nínú ọ̀rá rí. Kí ènìyàn na bébà ńlá kan sí nǹkan bí yáàdì 16, kí ó gbé ìbọn sókè láìfi ara balẹ̀ fojúsùn, kí ó yìn ín ní ìgbà mélòó kan, kí ó wo ibi tí ọta wẹ́wẹ́ kó ara jọ sí. Bébà yẹn kì í purọ́. Kí ó tún ṣe àyẹ̀wò ojú tó lágbára nínú méjèèjì, nítorí ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń yìnbọn, tí ojú òsì rẹ̀ sì ń darí, kò ní í rí ojútùú lára ẹ̀yà kankan tó bá rà.

Lẹ́yìn èyí ni ṣóòkù, ìyẹn òrùka irin tí a ń yí sí ẹnu ìbọn láti fún un pọ̀ díẹ̀ kí ọta wẹ́wẹ́ má baà tètè fọ́nká. Ẹnu ìbọn géèjì 12 fẹ̀ tó nǹkan bí mílímítà 18.5, ìyàtọ̀ láàárín ṣóòkù tó ṣí jù àti èyí tó pa jù kò sì ju mílímítà kan lọ, síbẹ̀ ìyàtọ̀ kékeré yìí tóbi lórí bébà. Ìwọ̀n àtijọ́ ni pé kí a fa òbìrípo ínṣì 30 ní yáàdì 40, kí a ka ọta tó wọ inú rẹ̀. Èyí tó pa jù máa ń kó bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún síbẹ̀, èyí tó ṣí pátápátá máa ń kó bí 40. Fún àwo irin tó wà nítòsí, èyí tó ṣí ló dára. Fún èyí tó jìnnà, àárín ló dára. Ẹni tí ìdíje rẹ̀ bá máa lo ọta ńlá ẹlẹ́yọ kan kò gbọdọ̀ fi ṣóòkù tó pa jù sẹ́nu ìbọn. Ẹyọ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Àwọn tó kó mẹ́wàá sínú àpótí kò ní yá ju ìyẹn lọ.

Apátí ilé iṣẹ́ a máa le. Alágbẹ̀dẹ ìbọn tó mọṣẹ́ lè mú un dẹ̀, ó sì máa ń ṣèrànwọ́ nígbà tí a bá ń yin ọta ńlá sí ibi jíjìn. Lórí àwo irin tó wà ní yáàdì 15, ẹni tó bá sọ pé òun mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ohun ìfojúsùn aláwọ̀ títàn tí wọ́n ń fi síwájú ìbọn dára, kò sì wọ́n. Àwọ̀ ara ìbọn, ihò tí wọ́n ń lu sí ẹnu rẹ̀, ìdí tí wọ́n fi kábọ̀n ṣe: ọ̀ràn owó ni, kì í ṣe ọ̀ràn àmì.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè, ti ìdíje asáré ni. Ẹni tó ń lu àwo amọ̀ ní trap, skeet tàbí sporting clays ń bá ọ̀nà mìíràn lọ. Òun kò nílò túùbù gígùn, torí ọta méjì péré ni yóò yìn kí ó tó dúró. Òun nílò ẹnu gígùn, ínṣì 28 sí 32, àti ìwúwo tí yóò jẹ́ kí ìbọn rọra máa bá àwo lọ láì dúró lójijì. Ní Òlíḿpíìkì, òfin gba ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ láyè, ṣùgbọ́n ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀kan gun orí èkejì ni àwọn tó ń gba góòlù ń lò. Vincent Hancock, ará Amẹ́ríkà, ti fi irú rẹ̀ gba góòlù skeet ní Beijing, London, Tokyo àti Paris. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìbọn tó ń kì ara rẹ̀ ṣe sporting clays, kí ó ra èyí tí wọ́n ti ṣe fún un láti ilé iṣẹ́, bíi Beretta A400. Ìyẹn sàn ju kí ó máa so irin mọ́ ìbọn ọdẹ.

Àwọn àgbà wa ní ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun? Òfin pápá ìdíje rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ẹnu ìbọn olùdíje bá yí kọjá ibi tí wọ́n là sílẹ̀, yálà ọta wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, wọ́n yóò lé e kúrò nínú ìdíje lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àtúnṣe tó ń mú ìbọn yá tún ń mú àṣìṣe yá, pàápàá apátí tó dẹ̀ àti bóòtì tó rọrùn láti tú sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fara mọ́ ọn kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan apátí ìbọn rẹ̀ rárá.

Òfin ìlú náà kò gbọdọ̀ di ohun ìgbẹ̀yìn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ wà lórí ìbọn tí wọ́n kó wọlé láti òkè òkun: bí ènìyàn bá fi túùbù gígùn sí i, iye ẹ̀yà ilẹ̀ òkèèrè tó lè wà lára rẹ̀ ní ìwọ̀n, nítorí náà a máa ń fi ẹ̀yà tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà rọ́pò àwọn kan. Ní Bìrìtìkó, láti ìgbà òfin ọdún 1988, ìwé àṣẹ ṣọ́tìgọ́ọ̀nù lásán kò gba ju ọta méjì nínú túùbù àti ọ̀kan lẹ́nu lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ tó le ju ìyẹn lọ, ìbọn ìdíje IPSC sì bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ohun ìjà ọdún 1959 yọ ṣọ́tìgọ́ọ̀nù tó ń kì ara rẹ̀ kúrò lára ìbọn tí ẹni kọ̀ọ̀kan lè gba ìwé àṣẹ fún. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rà á lókè òkun pẹ̀lú èrò pé òun yóò gbé e bọ̀ wálé.

Fún àwọn ọmọ wa tó wà níbi tí òfin ti gbà wọ́n láyè, tí eré ìdárayá yìí sì wù wọ́n, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ lọ dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ayìnbọn kan, ẹ fi ìbọn bó ṣe wà díje fún sáà kan, kí ẹ wo ibi tí àsìkò yín ń lọ gan-an kí ẹ tó gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ ìbọn. Ẹ ra katiríìjì òfìfo tí kò ní ẹ̀tù, tí wọ́n ṣe fún ìdánrawò, kí ẹ máa fi kọ́ bí a ti ń kì mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé, níbi tí ọta gidi kankan kò sí. Owó rẹ̀ kò tó iye tí wọ́n fi ń ra túùbù, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dín àsìkò kù.